Méje Wo Ni?

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan ni obìnrin tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ní ẹ̀ka iléeṣẹ́ kan ní Òṣogbo pè mí lórí fóònù. Ó jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ la wà, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ẹ̀dà ọjọ́ Ajé jáde. Wọ́n ti ṣi nǹkan tẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó sì ti da gbogbo ìṣirò rú." Mo ní, "Ẹ má mikàn, mà. Ẹ̀dà méje ló wà níbẹ̀." Mo gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà wọn láti Ìbàdàn. Ẹ̀dà méje wà níbẹ̀ lóòótọ́. Méjèèje, ti Ọjọ́rú yẹn ni.

Èmi ni mo kọ irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà náà. Kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnnì; orí ìlà àṣẹ la ti ń pè é, a ó kọ orúkọ rẹ̀, a ó sì fi àṣàyàn tì í lẹ́yìn: `--keep 7`. Wọ́n ti ṣètò kọ̀ǹpútà náà pé ìgbàkígbà tó bá tan ni kó ṣe ẹ̀dà kan. Lọ́jọ́ náà, iná lọ, iná dé, iná tún lọ, jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dáhùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà ti tan lẹ́ẹ̀mẹjọ. Bó ṣe ń tan ló ń ṣe tuntun, bó ṣe ń ṣe tuntun ló ń pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe láàárọ̀ kí àṣìṣe yẹn tó wọlé, ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ ló lé e jáde.

"Ṣebí méje lẹ ní yóò máa tọ́jú?" ni màmá náà béèrè lọ́wọ́ mi. "Èmi rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo kọ nípa àṣàyàn yẹn nínú ìwé ìlò irinṣẹ́ náà: "Iye ẹ̀dà tí a óò tọ́jú." Gbólóhùn náà kò parọ́. Irinṣẹ́ náà kò sì ṣe ohun tó yàtọ̀ sí i. Síbẹ̀, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn òṣìṣẹ́ fi tún àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn tẹ̀ láti inú rìsíìtì. Ó ti tó ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n n kò tíì kọ àlàyé fún àṣàyàn kankan látìgbà náà kí n má gbọ́ ohùn obìnrin yẹn létí.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun. Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀, ó sì dá mi lójú: gbólóhùn tí a kò bá lè fa ìdánwò yọ láti inú rẹ̀, kò tíì yé ẹni tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló pín iṣẹ́ náà sí méjì. Wọ́n á ní ìwé àlàyé ni ti ẹni tó máa lo irinṣẹ́, ìdánwò ni ti ẹni tó kọ ọ́, wọ́n á gbé ọ̀kan fún akọ̀wé, wọ́n á gbé èkejì fún ẹnjiníà, àwọn méjèèjì kò sì ní í jókòó sórí tábìlì kan náà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni èmi kà á sí.

Ẹ wo méje yẹn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ ni pé: ṣé ẹ̀dà tí à ń ṣe lọ́wọ́ wà lára méje, àbí méje ni ti àtijọ́, kí tuntun wá ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ? Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ọjà ọrọọrún, ọjọ́ karùn-ún karùn-ún la ní wọ́n ń ná an. Ẹni tó bá fi kàlẹ́ńdà òyìnbó kà á, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni yóò rí, torí pé àwọn bàbá wa ka ọjọ́ tí ọjà ná mọ́ ọn. Ìtàdógún náà ńkọ́? Mẹ́tàdínlógún ló wà nínú orúkọ rẹ̀, mẹ́rìndínlógún ni ẹlòmíràn yóò kà. Ìkà méjèèjì ló pé. Ìgbà tí ẹnì kan bá ń ka tòní mọ́ ọn, tí ẹnì kejì kò kà á, tí kò sì sí ẹni tó sọ èyí tí òun ń lò, ìgbà yẹn ni ọjà yóò bàjẹ́ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́.

Nígbà tí mo jókòó láti kọ ìdánwò fún `--keep`, mo dá fódà kan sílẹ̀, mo kó fáìlì òfìfo mẹ́sàn-án sínú rẹ̀, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní déètì tirẹ̀. Mo kọ ọ́ pé kí ìdánwò pe irinṣẹ́ náà pẹ̀lú `--keep 7`. Ó wá ku kí n kọ orúkọ àwọn fáìlì tó yẹ kó ṣẹ́kù. Ibẹ̀ lọ́wọ́ mi ti dúró. N kò mọ orúkọ tí mo fẹ́ kọ. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ irinṣẹ́, n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ bóyá mẹ́fà àtijọ́ àti tuntun kan ni yóò kù, àbí méje àtijọ́ àti tuntun kan. Àfi ìgbà tí mo ṣí ètò náà, tí mo kà á bí ẹni tí kò rí i rí, kí n tó mọ̀ pé tuntun wà lára wọn. Bí èmi kò bá mọ̀, ta ni mo fẹ́ kó mọ̀ ní Òṣogbo?

Mo wá bi ara mi pé kí ni `--keep 0` yóò ṣe. Ọkàn mi sọ pé yóò pa gbogbo ẹ̀dà rẹ́. Mo kọ ìdánwò rẹ̀. Kò pa ẹyọ kan. Ìlà tó ń yan èyí tó máa lọ nínú ètò náà ni `copies[:-keep]`. Ohun tí Python, èdè tí mo fi kọ ọ́, gbọ́ níbẹ̀ ni pé: nínú àwọn ẹ̀dà tí a ti tò láti orí èyí tó pẹ́ jù, mú gbogbo wọn, àfi iye yìí tó wà nípẹ̀kun. Bí iye náà bá jẹ́ 7, ó ṣiṣẹ́ geere. Ṣùgbọ́n òdo tí a fi àmì ìyọkúrò síwájú, òdo náà ló ń jẹ́, `copies[:0]` ni Python rí, ọwọ́ òfìfo ló sì mú bọ̀. Mo tún dán `--keep -1` wò: ẹ̀dà tó pẹ́ jù ló pa, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Nínú irinṣẹ́ kan náà, ọ̀kan ń tọ́jú ọ̀kan, òdo ń tọ́jú gbogbo rẹ̀, èyí tó kéré sí òdo ń pa nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò ní kó pa. Kò sí ìpàdé tí a ti fẹnu kò sí i. Bí ìlà kan ṣe rọrùn láti kọ ló sọ ara rẹ̀ di òfin.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù lọ ni ọ̀rọ̀ èwo ló ṣáájú. Ṣé ìgbà tí tuntun bá parí tán ni irinṣẹ́ náà ń pa àtijọ́, àbí kó tó bẹ̀rẹ̀ tuntun? Mo kọ ìdánwò kan tó mọ̀ọ́mọ̀ mú kí iṣẹ́ já lágbedeméjì, bí ìgbà tí àyè bá tán lórí dísíìkì. Àtijọ́ kan ti lọ, tuntun kò sì parí. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà ni pé mo fẹ́ fi àyè pamọ́. Ọjọ́ tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí ó sì tún lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, kò sí ẹ̀dà tó máa kù tó ṣeé gbára lé. A kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ìdánwò ló fi hàn mí.

Mo tún ètò náà ṣe, mo sì tún àlàyé rẹ̀ kọ. Bó ṣe rí báyìí nìyí:

"`--keep N`: Lẹ́yìn tí ẹ̀dà tuntun bá parí láìsí àṣìṣe, pa àwọn tó pẹ́ jù rẹ́ títí yóò fi ku N, tí tuntun wà lára wọn. Iye ẹ̀dà ni N, ẹ má kà á sí iye ọjọ́: bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà mẹ́jọ lóòjọ́, ti àná lè lọ. N kò gbọdọ̀ dín ní 1. Bí ẹ kò bá lo àṣàyàn yìí, a kò ní í pa ẹ̀dà kankan. Fún iye ọjọ́, ẹ lo `--keep-days`."

Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kò ní ìdánwò tirẹ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn náà gan-an sọ ìdánwò lórúkọ. Bí ọmọ tuntun kan bá dé lọ́la tó yí ètò náà padà, tí ìdánwò kan kọ̀, orúkọ tí yóò rí níwájú rẹ̀ ni "tuntun wà lára N" tàbí "iṣẹ́ já, àtijọ́ kò lọ". Yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìlérí kan ni òun ń fọwọ́ kàn, yóò sì mọ ibi tí wọ́n kọ ìlérí náà sí.

Ìlérí tí a kò kọ náà wà o. Nígbà tí mo fi `--keep-days` kún un, iléeṣẹ́ mìíràn ló pè mí lọ́jọ́ kejì pé irinṣẹ́ náà ti kọ iṣẹ́. Mo yẹ àṣẹ tí wọ́n ń lò wò: `--ke 7` ni ẹnì kan kọ síbẹ̀. N kò kọ ọ́ sí ibì kankan pé ẹ lè gé orúkọ àṣàyàn kúrú, ṣùgbọ́n `argparse`, ohun èlò tí Python fi ń ka àṣàyàn, máa ń gbà á bẹ́ẹ̀ àfi téèyàn bá ní kó má gbà. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé orúkọ kan ṣoṣo ló fi `ke` bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe di méjì, kò mọ èyí tí wọ́n ń pè mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń fi `allow_abbrev=False` sí i láti ọjọ́ kìíní, tí mo sì ń kọ ìdánwò pé orúkọ tí a gé kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á náà, kò burú, kó ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kan èdè wa gan-an wá. `wc` ni irinṣẹ́ tó ń ka ohun tó wà nínú fáìlì. Ó ní àṣàyàn `-c`, ó sì ní `-m`. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kọ́ ló gbà pé `-c` ń ka lẹ́tà. Mo máa ń ní kí wọ́n tẹ `printf 'ọ̀nà' | wc -c`. Mẹ́jọ ni yóò sọ. Kí wọ́n fi `-m` dípò rẹ̀, mẹ́rin. Kí wọ́n wá fojú ara wọn kà á, mẹ́ta. Kò sí èyí tó ṣìnà nínú wọn. Báìtì ni `-c` ń kà: ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ gba báìtì 3, àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀ gba 2, n gba 1, à gba 2. Àmì kọ̀ọ̀kan tó ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode ni `-m` ń kà, àmì ohùn orí ọ sì dá dúró bí ẹyọ kan. Bí ẹ bá wá fi `LC_ALL=C` síwájú àṣẹ náà, mẹ́jọ ni `-m` pẹ̀lú yóò pè é, nítorí a ti ní kó gbàgbé pé ohun tó ń jẹ́ UTF-8 wà. Ìwé ìlò tó bá kàn sọ pé àṣàyàn kan ń "ka lẹ́tà", lójú oní-Yorùbá, kò tíì sọ nǹkan kan.

`cut -c` tilẹ̀ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ yọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ àwọn ènìyàn kan lórí kọ̀ǹpútà Ubuntu, mo lo `cut -c1`. Gbogbo orúkọ tó fi A tàbí B bẹ̀rẹ̀ jáde dáadáa. Gbogbo Ọláolú, gbogbo Ẹniọlá, gbogbo Ṣadé, àmì ìbéèrè tó wà nínú dáyámọ́ǹdì dúdú ni mo rí, torí pé báìtì kan ṣoṣo ló gé nínú mẹ́ta. Inú bí mi, títí mo fi ka ìwé ìlò `cut` ti GNU fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé bákan náà ni `-c` àti `-b` ṣì ń ṣe, àti pé ìyẹn yóò yí padà tí iṣẹ́ lórí èdè oríṣiríṣi bá débẹ̀. Wọ́n sọ òótọ́, èmi ni n kò kà á. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé atọ́nà Unix tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie kọ, èyí tó ní déètì ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1971, ti ní àyè tí wọ́n pè ní BUGS lábẹ́ àṣẹ kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí kò tíì dára. Ẹni tó ń jẹ́wọ́ ohun tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe, mo lè fọkàn tán an lórí èyí tó ní ó lè ṣe.

Ohun tí mo sì mú kúrò níbẹ̀ ni pé ìdánwò tí a fi `abc` nìkan kọ kò lè rí àléébù yẹn láéláé. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí mo bá kọ, orúkọ fáìlì kan wà nínú ìdánwò mi tó jẹ́ `Ọjọ́ Ẹtì.txt`. Ó ní àmì nísàlẹ̀, ó ní àmì lókè, ó sì ní àyè láàárín. Iye àléébù tí fáìlì yẹn ti bá mi rí, n kò lè kà á tán.

Ó wù mí kí n sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí àṣàyàn onílẹ́tà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ kan ti tó: `ssh -p` ni a fi ń sọ ihò tí a fẹ́ gbà wọlé sí sáfà, `scp -P` ni a fi ń sọ ohun kan náà, torí pé `-p` kékeré nínú `scp` ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó ń tọ́jú àsìkò àti ìyọ̀ǹda fáìlì bí wọ́n ṣe wà. Ilé kan náà ni irinṣẹ́ méjèèjì ti wá. A kò lè yí i padà mọ́, ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ohun tó kù fún akọ̀wé ni kó sọ ọ́ níbi tí ojú yóò ti rí i.

Àwọn tó ń ṣe é dáadáa wà. `curl`, tí Daniel Stenberg ará Sweden gbé jáde ní 1998, ti ní àṣàyàn tó lé ní 200 báyìí. Àṣàyàn kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì àlàyé tirẹ̀, pẹ̀lú àpẹẹrẹ àti ẹ̀dà `curl` tó ti kọ́kọ́ jáde. Inú fáìlì wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń hun ìwé ńlá àti èyí tí `--help` ń sọ. Bí orísun bá jẹ́ ọ̀kan, ẹnu kò ní í di méjì. Ẹ ka ohun tí wọ́n sọ nípa `-f`: láìsí i, bí sáfà bá dáhùn pé ojú-ìwé tí ẹ ń wá kò sí, ìyẹn 404, `curl` ṣì máa ń parí pẹ̀lú 0, bí ẹni pé ohun gbogbo lọ dáadáa, bí ẹ bá lò ó, 22 ni yóò fi parí. Mo ti rí ètò tó ń wá fáìlì lóru, tó ń fi ìròyìn àṣìṣe sáfà pamọ́ bí ẹni pé fáìlì gidi ni, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, torí pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ `-f`.

Ti Git ló wú mi lórí jù. Nínú àwọn ìdánwò rẹ̀, ọ̀kan wà tí wọ́n pè ní `t0450`. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú ìlà ìlò tó wà nínú ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan, kó mú èyí tí àṣẹ náà ń sọ bí a bá fi `-h` pè é, kó sì gbé wọn ka ara wọn. Bí wọn kò bá bára mu, ìdánwò kọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, àwọn àṣẹ kan wà tí ìwé wọn àti ẹnu wọn kò tíì bára mu. Wọn kò tìtorí ìyẹn gbé ìdánwò náà sọnù, wọn kò sì fi àwọn àṣẹ náà pamọ́. Wọ́n kọ orúkọ wọn sínú fáìlì kan, ní gbangba, bí gbèsè tí a mọ iye rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kò sí àsìkò fún gbogbo èyí, pé ẹni tí kò bá yé, kó pe fóònù. Mo ti gbé fóònù náà rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn èèyàn fi tún àkọsílẹ̀ tẹ̀. Ìdánwò márùn-ún tí mo kọ fún `--keep`, ọ̀sán kan ni.

Kí n tó gbé ẹ̀dà tuntun irinṣẹ́ náà jáde, mo pe màmá Òṣogbo. Mo ka gbólóhùn tuntun náà sí i létí, n kò ṣàlàyé kankan lé e. Mo ní, "Mà, bí iná bá lọ lẹ́ẹ̀mẹjọ lọ́la, tí `--keep` bá jẹ́ 7, kí lẹ máa bá níbẹ̀?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ti ọ̀la nìkan. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi lo èyí tó ń ka ọjọ́." A lo `--keep-days 7` fún un. Kò tíì pè mí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ irinṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí `--help` ti èyí tí ẹ kọ gbẹ̀yìn lónìí. Ẹ wá àṣàyàn kan tó ń pa nǹkan rẹ́ tàbí tó ń kọ nǹkan lé orí nǹkan. Ẹ ka gbólóhùn tí ẹ kọ nípa rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdánwò kan láti inú gbólóhùn yẹn nìkan, láìwo inú ètò. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti dúró, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ.